Ikọ́ tó bá ọmọ wáyé: Bí jíìnì ṣe ń hu irun agbálẹ̀ sínú ọ̀nà èémí wa, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí kò bá hù

Ẹni tó bá ń gbé ní Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mọ eruku dáadáa. Láti abẹ́ afárá Òṣòdì títí dé Cele, Ìlasamàjà àti Mile 2, èéfín ọkọ̀, eruku títì àti èéfín jẹnẹrétọ̀ là ń fà símú lójoojúmọ́. Tí ọyẹ́ bá tún wọlé dé, ọ̀rọ̀ náà á wá le sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ọmọ bá ń wúkọ́ ládùúgbò wa, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Eruku ni," tàbí "Òtútù ló mú un."

Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ikọ́ kan wà tó jẹ́ pé ó bá ọmọ wáyé ni. Ọmọ náà ò tíì rí eruku Òṣòdì rí tó fi bẹ̀rẹ̀. Inú jíìnì rẹ̀ ni ikọ́ náà ti wá, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀. Tí òbí bá mọ ìyàtọ̀ láàrin ikọ́ méjèèjì yìí, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ là. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Agbálẹ̀ wà nínú ọ̀nà èémí yín

Gbogbo wa la mọ àwọn agbálẹ̀ LAWMA tí wọ́n máa ń gbá títì láàárọ̀ kùtù. Ẹ fi ọkàn yàwòrán ohun tí Òṣòdì máa dà tí wọn ò bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Irú agbálẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ara. Láti inú imú, gba ọ̀nà ọ̀fun, títí wọ ẹ̀ka-ẹ̀ka ẹ̀dọ̀fóró, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló tò síbẹ̀ bíi táìsì ilẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ní irun tín-tìn-tín lórí. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lè ní bíi 200 irun. Ojú lásán ò lè rí i. Cilia ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Àwa máa pè é ní irun agbálẹ̀ nínú àlàyé yìí, a ó sì máa pe sẹ́ẹ̀lì tó gbé e dání ní sẹ́ẹ̀lì onírun.

Lórí irun yìí ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fẹ́lẹ́ tẹ́ sí. Eruku tàbí kòkòrò àìsàn tí a bá fà símú á lẹ̀ mọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà. Irun agbálẹ̀ á sì máa jù síwá-sẹ́yìn, ó tó ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, tí gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà, títí wọ́n á fi ti ìdọ̀tí náà dé ọ̀fun. Níbẹ̀ la ti máa gbé e mì láìmọ̀ tàbí ká tu ú dànù. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí, kódà tí a bá ń sùn.

Tí irun náà ò bá ṣiṣẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sójú kan. Ibi tí omi bá sì ti dúró, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀fọn máa ń yé ẹyin sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò àìsàn ṣe máa ń pọ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí kò rìn.

Ọ̀nà èémí nìkan kọ́ ló ní irun yìí. Ó wà nínú àwọn ihò inú ọpọlọ tí omi ń gbà kọjá. Ó wà lójú ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà lọ sí ilé ọmọ. Ìrù tí àtọ̀ ọkùnrin fi ń lúwẹ̀ẹ́ pàápàá, bí a ṣe kọ́ irun yìí náà la ṣe kọ́ ọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé kí òun hu irun?

Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ìwé àṣẹ kan wà tó ní nǹkan bí 20,000 jíìnì. Ìwé kan náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ojú àti sẹ́ẹ̀lì ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ojú ìwé tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣí ló yàtọ̀. Ẹ ti mọ ọ̀kan nínú àwọn jíìnì yìí tipẹ́: èyí tó ń sọ bóyá jẹ́nótáìpù yín jẹ́ AA, AS tàbí SS.

Ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà di onírun dà bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́lé.

Àkọ́kọ́, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ pín. Nísàlẹ̀ ọ̀nà èémí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà tí wọn ò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ara wọn máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Notch. Sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ Notch bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa á di èyí tó ń pèsè kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti omi ọ̀nà èémí. Èyí tí iṣẹ́ náà ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa di onírun. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe ń pín, tí gbogbo wọn ò fi ní di agbálẹ̀, tí gbogbo wọn ò sì ní di oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Ìkejì, ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Jíìnì méjì kan tí wọ́n ń pè ní GMNC àti MCIDAS á jí nínú sẹ́ẹ̀lì tó máa di onírun. Irun kọ̀ọ̀kan nílò ìdí tó máa dúró lé, bí òpó ṣe nílò ihò. Sẹ́ẹ̀lì lásán kì í ní ju irú ìdí bẹ́ẹ̀ méjì lọ. Sẹ́ẹ̀lì onírun gbọ́dọ̀ ṣe èyí tó lé ní ọgọ́rùn-ún kíákíá. Jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ CCNO wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìkẹta, fọ́máànù á dé. Orúkọ rẹ̀ ni FOXJ1. Jíìnì yìí kì í gbé bíríkì fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó pe àwọn òṣìṣẹ́, ó sì máa ń jí ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìnì mìíràn. Àwọn kan á kọ́ egungun irun náà: ọ̀pá méjì láàrin, ọ̀pá méjì-méjì lọ́nà mẹ́sàn-án yí i ká. Àwọn mìíràn á ṣe àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní dynein, tó ń mú kí irun náà jù. Tí ẹ́ńjìnnì yẹn ò bá sí níbẹ̀, irun á hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n á dúró gbagidi bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ti ògiri.

Ọ̀pọ̀lọ́ Nàìjíríà wà nínú ìtàn yìí

Ẹnì kan lè béèrè pé: báwo ni wọ́n ṣe mọ gbogbo èyí? Kò sẹ́ni tó lè la àyà ìkókó láti máa wo bí irun ṣe ń hù níbẹ̀. Ẹranko ló ràn wọ́n lọ́wọ́, pàápàá ọ̀pọ̀lọ́.

Ọ̀pọ̀lọ́ inú omi kan wà tó ní èékánná lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Xenopus tropicalis lorúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti ń gbé, Nàìjíríà sì wà lára ibẹ̀. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé odindi ìwé jíìnì ọ̀pọ̀lọ́ yìí jáde, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú ìdílé ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ka ìwé rẹ̀ tán. Èyí tí wọ́n kà náà, ìran ọ̀pọ̀lọ́ Nàìjíríà ni. Wọ́n ti ń sìn ín ní yàrá ìwádìí lókè òkun láti ìran dé ìran.

Kí ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe? Ìta ara ìyá rẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, nítorí náà ojú lè rí ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Èkejì ló tún wá ṣe pàtàkì jù: nígbà tí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ṣì kéré, awọ ara rẹ̀ kún fún sẹ́ẹ̀lì onírun, irú èyí tó wà nínú ọ̀nà èémí tiwa gan-an. Ohun tó fara pamọ́ sínú àyà èèyàn, ìta ló wà lára ọ̀pọ̀lọ́.

Ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ yìí, Xenopus laevis tó ti gúúsù Áfíríkà wá, ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ lọ́dún 2012. Nígbà tí wọ́n dí iṣẹ́ jíìnì MCIDAS lọ́wọ́, awọ ara ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ò hu irun agbálẹ̀. Nígbà tí wọ́n fipá jí jíìnì náà nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò yẹ kó hu irun, irun hù níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́dún 1998, wọ́n ti rí i lára eku tí kò ní jíìnì FOXJ1 pé irun agbálẹ̀ ò sí nínú ọ̀nà èémí rẹ̀, àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ kan sì wà ní ìdàkejì ibi tó yẹ kí wọ́n wà. Lọ́dún 2008, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ fi hàn pé FOXJ1 náà ni fọ́máànù lára wọn.

Ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, eku, èèyàn: àwọn jíìnì kan náà ló ń pàṣẹ. Ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n rí lára ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ fi lè ṣàlàyé ikọ́ ọmọ tó wà ní Mafolúkù.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù nínú ìwé àṣẹ

Lọ́dún 1933, dókítà kan ní Switzerland, Manes Kartagener, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ohun mẹ́ta pàdé lára wọn: imú wọn ò gbẹ, ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́, ọkàn wọn sì wà lápá ọ̀tún dípò òsì. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Lọ́dún 1976 ni Björn Afzelius ní Sweden ṣàlàyé rẹ̀. Ó fi máíkírósíkópù alágbára wò ó, ó sì rí i pé irun agbálẹ̀ àwọn èèyàn náà ò ní ẹ́ńjìnnì. Ìrù àtọ̀ àwọn ọkùnrin inú wọn ò mira pẹ̀lú.

Lónìí, primary ciliary dyskinesia ni wọ́n ń pe àìsàn náà, PCD ní kúkúrú. Ó ju 50 jíìnì lọ tí wọ́n ti rí tó lè fà á. Tí jíìnì ẹ́ńjìnnì bíi DNAH5 tàbí DNAI1 bá bàjẹ́, irun á wà ṣùgbọ́n kò ní jù bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ MCIDAS tàbí CCNO ló bàjẹ́, irun náà ò ní tó nǹkan rárá.

Báwo ni ọmọ ṣe ń jogún rẹ̀? Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń tẹ̀lé òfin tí ẹ ti mọ̀ nípa SS. Bàbá gbé ẹyọ kan tó bàjẹ́ dání, ìyá gbé ẹyọ kan, kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn, bí AS méjì tó fẹ́ra. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ á gba méjèèjì. Díẹ̀ ni kò tẹ̀lé òfin yìí. Bí àpẹẹrẹ, lọ́dún 2019, wọ́n rí i pé tí ẹyọ kan péré nínú FOXJ1 bá bàjẹ́, ó ti tó láti dá àìsàn sílẹ̀, omi sì tún lè kún inú orí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, torí irun inú ọpọlọ náà ò ṣiṣẹ́.

Kí wá ló gbé ọkàn lọ sápá ọ̀tún? Nígbà tí ọlẹ̀ ṣì kéré gan-an nínú ìyá rẹ̀, àwọn irun kan wà tó ń yí bíi fáànù, tí wọ́n ń ti omi lọ sápá òsì. Ìṣàn omi yẹn ló ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé òsì rèé, ọ̀tún rèé. Tí irun náà ò bá yí, ara á kàn yàn ni, bí ìgbà tí èèyàn ta owó ẹyọ sókè. Ìdí nìyẹn tí nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní PCD fi ní ọkàn lápá ọ̀tún, tí ìdajì yòókù sì ní in níbi tó yẹ.

Ẹ kíyè sí èyí: irun tó ń ti omi yẹn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló wà lórí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kò nílò MCIDAS tàbí CCNO tó ń ṣètò ọ̀pọ̀ irun. Nítorí náà, ọmọ tí jíìnì méjèèjì yìí bàjẹ́ lára rẹ̀ á ní ọkàn rẹ̀ lápá òsì bíi ti gbogbo èèyàn, ikọ́ rẹ̀ á sì tún le. Tí fọ́tò àyà bá fi hàn pé ọkàn wà níbi tó yẹ, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé kì í ṣe PCD.

Ṣé ó wà láàrin wa?

Bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2022 wo jíìnì ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri àgbáyé, ó sì fi hàn pé ó kéré tán, ẹnì kan nínú 7,554 ló yẹ kó ní PCD. Àwọn tó wá láti ìran Áfíríkà wà lára àwọn tí iye wọn ga jù. Ní orílẹ̀-èdè tó ní ju 200 mílíọ̀nù èèyàn lọ, tí a bá fi ìṣirò yẹn wò ó, wọ́n á ju 26,000 lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni a ń pè ní "ọlọ́tùútù" tàbí "oníkọ́" lásán.

Ìwé jíìnì wa pàápàá ò ṣàjèjì sí àwọn onímọ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè kan pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ HapMap láti mọ bí jíìnì èèyàn ṣe yàtọ̀ síra, èyí tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2005, 90 ọmọ Yorùbá ní Ìbàdàn wà lára rẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ láti 30 ìdílé. Títí dòní, wọ́n ṣì ń lo ìwé jíìnì wọn gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ tí wọ́n rí nínú jíìnì aláìsàn kan jẹ́ àìsàn tàbí ìyàtọ̀ lásán.

Àwọn àmì tó yẹ kí òbí wò

- Oṣù ọmọ pé kí wọ́n tó bí i, síbẹ̀ kò lè mí dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n bí i, ó sì nílò ọ́síjìn.
- Ikọ́ tó ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́ láti ìgbà tó ti wà ní ìkókó, kì í sinmi, bóyá òjò ni o, bóyá ẹ̀ẹ̀rùn ni.
- Imú rẹ̀ ń ṣomi tàbí ó dí lójoojúmọ́, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó ti bẹ̀rẹ̀.
- Ọkàn tàbí ẹ̀yà inú rẹ̀ mìíràn wà ní ìdàkejì.

Tí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá pàdé lára ọmọ kan, ẹ sọ fún dókítà ọmọdé. Etí tó ń ṣọyún lemọ́lemọ́ náà máa ń bá a rìn. Tí ọmọ náà bá sì dàgbà, ọ̀rọ̀ àìríbímọ lè yọjú, pàápàá lára ọkùnrin, nítorí ìrù àtọ̀ tí a sọ lókè.

Àìsàn tó wọ́pọ̀ jù ni dókítà máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ikọ́ ife, ásímà, òtútù àyà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Tí àyẹ̀wò wọn ò bá wá rí nǹkan kan, tí ikọ́ náà ò sì lọ, ẹ má dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ ketekete pé, "Láti ọjọ́ tí a ti bí i ni." Gbólóhùn yẹn lè yí ibi tí dókítà ń wò padà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín tàbí Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀, kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà tó bá yẹ.

Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni kí á máa ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ikọ́ á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún padà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Àwọn mìíràn á ní ọmọ náà ń fà sí àbíkú, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka ibi tí a dé yìí mọ̀ pé irun agbálẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́.

Kò tíì sí oògùn tó ń wo PCD tán. Ìtọ́jú wà ṣá o. Wọ́n á kọ́ òbí bí wọ́n ṣe lè máa ran ọmọ lọ́wọ́ láti tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde lójoojúmọ́. Dókítà á fún un ní oògùn apakòkòrò nígbà tó yẹ gan-an, wọ́n á máa yẹ etí rẹ̀ wò, kò sì gbọdọ̀ pàdánù abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan. Ọmọ tí wọ́n bá tètè mọ̀ lè dàgbà, kó kàwé, kó ṣiṣẹ́.

Eruku wa ńkọ́?

A ò ní kí eruku jàre o. Báńkì Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2018 nìkan, nǹkan bí 11,200 èèyàn ni afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí sọ di olóògbé láìtọ́jọ́ nípìínlẹ̀ Èkó, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Irun agbálẹ̀ ẹni tó ń mu sìgá máa ń kúrú ju ti ẹlòmíì lọ. Kòkòrò tó ń fa ọ̀fìnkìn líle náà máa ń pa sẹ́ẹ̀lì onírun, ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ikọ́ pẹ́ lára lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Ṣùgbọ́n lára ẹni tí jíìnì rẹ̀ pé, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ á tún jí, MCIDAS á pàṣẹ, fọ́máànù FOXJ1 á pe òṣìṣẹ́, irun tuntun á hù. Ara wa mọ ilé rẹ̀ tún kọ́, tí a bá jẹ́ kó rí àyè. Ọmọ tó ní PCD ò ní àǹfààní yẹn. Èéfín tó ń dààmú ẹlòmíì lẹ́ẹ̀kan, ìlọ́po ni lára tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé yàrá ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nítòsí rẹ̀, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Tí ọmọ kan bá sì wà ládùúgbò yín tí ikọ́ rẹ̀ ò lọ, ẹ fọgbọ́n bi ìyá rẹ̀ pé: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Tó bá ní láti ọjọ́ ìbí ni, ẹ fi ìròyìn yìí hàn án, kó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.